Ṣíà Kọ́bọ̀ 77, Ṣíà Kọ́bọ̀ 87: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Ra Ṣíà Iléeṣẹ́ Tó Wọ Gbèsè Ń Rà Gan-an

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, kọ́bọ̀ 77 ni wọ́n ń ta ṣíà Skye Bank. Ní àárín oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kọ́bọ̀ 87 ni ti Diamond Bank. Ara báńkì méjèèjì kò le, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn tí owó wọn kò pọ̀ rà nínú méjèèjì, wọ́n ní ohun tó ti wálẹ̀ tó báyìí, òkè nìkan ló kù tó máa lọ. Àwọn tó ní ṣíà Diamond Bank gba ohun tí wọ́n ṣírò sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 13 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ní ti Skye Bank kò gba nǹkan kan títí di òní.

Mo mú ìtàn méjèèjì yìí jáde nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti tún gbòde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ní kí àwọn báńkì lọ wá owó kún ìpìlẹ̀ owó wọn: 500 bílíọ̀nù náírà fún báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun, 200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣòwò káàkiri Nàìjíríà nìkan. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 ni gbèdéke tí wọ́n fún wọn. Láti ìgbà tí CBN ti pa àṣẹ náà ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sílẹ̀ wo báńkì tó máa rí owó àti èyí tí wọ́n máa gbé fún ẹlòmíì. Ríra ṣíà náà sì ti di ohun tí èèyàn ń ṣe lórí fóònù, láì rí alágbàtà sójú. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lórí WhatsApp àti Telegram ni pé, "Ṣíà wo ló ṣì wà ní kọ́bọ̀ tí a lè kó pamọ́?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì ń dárúkọ fún ara wọn ni gbèsè ti mù dé ọrùn, yálà báńkì ni o, tàbí iléeṣẹ́ abánigbófò, tàbí iléeṣẹ́ tó ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì láti ọdún mélòó kan.

Ohun tó ń fa èèyàn sí i kò fara sin. Ká ní èèyàn ní 50,000 náírà. Bí ṣíà kan bá jẹ́ 500 náírà, ẹyọ 100 ni owó yẹn máa rà. Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀ 50, ẹyọ 100,000 ni. Ẹyọ 100,000 máa ń dùn létí. Bí kọ́bọ̀ 50 bá di náírà kan, owó ti di ìlọ́po méjì; bí ó bá di náírà 5, ó ti di ìdajì mílíọ̀nù. Ìṣirò yìí ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Wọn kì í ṣírò apá kejì, nítorí wọ́n gbà pé kọ́bọ̀ 50 kò ní ibi tó ń lọ mọ́.

Ìgbàgbọ́ yẹn ní ibi tó ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ọjà ṣíà ní Èkó ni pé kò sí ṣíà tó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju kọ́bọ̀ 50 lọ. Iléeṣẹ́ lè kú sára, kí ó má pa kọ́bọ̀ kan wọlé, orí kọ́bọ̀ 50 ni ṣíà rẹ̀ máa jókòó sí. Ẹni tó bá ń wò ó yóò rò pé ilẹ̀ tó le nìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. Kíá ni ọ̀pọ̀ àwọn ṣíà tó ti lẹ̀ mọ́ kọ́bọ̀ 50 já bọ́. Ohun tó gbé wọn dúró tẹ́lẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n níye lórí. Òfin ló gbé wọn dúró.

Kí wá ni ṣíà iléeṣẹ́ tó wọ gbèsè? Bí ilé kan bá tó mílíọ̀nù 10 náírà, tí onílé sì jẹ gbèsè mílíọ̀nù 12 lórí rẹ̀, ẹni tó bá ra ipò onílé náà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kò rí ọjà ọ̀pọ̀ rà. Orúkọ ló rà. Àwọn tó yá onílé lówó ló ni ilé náà ní tòótọ́, àfi bí iye ilé bá gun òkè kọjá gbèsè náà, tàbí bí ẹnì kan bá wá bá wọn san gbèsè. Oníṣíà ni onílé yẹn. Nígbà tí nǹkan bá dára, gbogbo èrè tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbèsè ti oníṣíà ni. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, òun ló kẹ́yìn nínú gbogbo àwọn tó ń retí owó.

Ẹ wo bí ẹ̀yìn náà ṣe jìn tó. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báńkì, san owó fún àwọn oníbàárà, àmọ́ kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ fún ẹnì kan. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ ní láti dúró kí wọ́n ta dúkìá báńkì náà, kí wọ́n sì lé àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè bá. Nígbà tí NDIC pín ìpín àkọ́kọ́ fún wọn ní ọdún 2025, kọ́bọ̀ 9.2 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Owó tí èèyàn kàn fi pamọ́ nìyẹn o, kì í ṣe owó tó fi ṣòwò. Heritage Bank kò sí lórí ọjà ṣíà, àmọ́ ìtò náà kò yàtọ̀ síbi kankan: àwọn tó ni báńkì, ẹ̀yìn àwọn tó gba kọ́bọ̀ 9.2 yẹn ni wọ́n wà.

Ibi tí mo ti rò pé àwọn èèyàn wa ti ṣìnà jù lórí Skye Bank ni bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Báńkì márùn-ún ló para pọ̀ di Skye Bank ní ọdún 2006. Ọ̀kan nínú wọn ni Cooperative Bank, báńkì àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí Ìbàdàn jẹ́ ilé rẹ̀. Fún ìdí èyí, kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó nìkan ló ni ṣíà níbẹ̀. Ní ọdún 2014, Skye Bank ra Mainstreet Bank lọ́wọ́ AMCON, àjọ tó ń gba gbèsè jíjẹrà lọ́wọ́ àwọn báńkì. Ẹrù náà wúwo. Àkókò náà ni owó epo rọ̀bì sì já lágbàáyé, tí àwọn tó yá owó báńkì lọ fi ṣòwò epo kò rí i san.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2016, CBN wọlé. Alága, ọ̀gá àgbà àti àwọn mìíràn nínú ìgbìmọ̀ olùdarí kúrò lórí àga. Godwin Emefiele, gómìnà CBN nígbà náà, fi dá àwọn aráàlú lójú pé báńkì náà kò tíì dẹnu kọlẹ̀, kí ẹni tó fowó pamọ́ síbẹ̀ má bẹ̀rù. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Oníbàárà gbọ́ ọ, ó fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń wo ṣíà náà gbọ́ ọ, òun náà fọkàn balẹ̀, ó sì rà sí i. Bẹ́ẹ̀ oníbàárà nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé èyí fún àwọn èèyàn ní èdè tó yé wọn. Nígbà tí CBN bá sọ pé owó yín kò léwu, owó tó wà nínú àkáǹtì ló ń sọ. Iṣẹ́ CBN ni kí aráàlú má sáré lọ kó owó wọn kúrò ní báńkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò fìgbà kankan ṣèlérí fún oníṣíà. Ọdún méjì gbáko ni ṣíà náà fi wà lórí ọjà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n ń rà á. Ìwé ìṣirò ọdún 2016 kò jáde, ti ọdún 2017 kò jáde. Wọ́n ṣáà ń rà á.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, CBN gba ìwé àṣẹ Skye Bank, ó sì dá Polaris Bank sílẹ̀ lórí rẹ̀. AMCON gbé 786 bílíọ̀nù náírà kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi iye yẹn wé ti ọjà. Ṣíà Skye Bank tó bílíọ̀nù 13.88, ní kọ́bọ̀ 77, gbogbo báńkì náà kò ju bí 10.7 bílíọ̀nù náírà lọ lójú àwọn tó ń rà á. Ihò tí wọ́n fẹ́ dí sì jẹ́ 786 bílíọ̀nù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn oníbàárà wọ ilé kan náà ní ọjọ́ Ajé, káàdì wọn ń ṣiṣẹ́, owó wọn pé. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn ní ọdún 2016 ṣẹ. Oníṣíà kò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ta Polaris Bank ní ọdún 2022, tí ẹni tó rà á san 50 bílíọ̀nù náírà, kò sí èyí tó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ní ṣíà Skye Bank tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè bóyá wọ́n ṣì lè rí nǹkan gbà níbẹ̀. Polaris kì í ṣe Skye Bank tó yí orúkọ padà. Iléeṣẹ́ tuntun ni lójú òfin, wọn kò sì ní ṣíà nínú rẹ̀.

Kí ni àwọn tó ń ra ṣíà Skye Bank rí tí wọ́n fi ń retí pé nǹkan máa kù fún wọn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011 ni. Lẹ́yìn tí Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà CBN ṣáájú Emefiele, ti lé àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún kúrò ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, tó sì tún kan àwọn mìíràn lẹ́yìn náà, àwọn báńkì tó wà nínú ìṣòro ní láti wá ẹni tó máa gbé wọn. Intercontinental rí Access Bank, Oceanic rí Ecobank, FinBank rí FCMB, Union Bank rí ẹgbẹ́ àwọn olówó kan. Oníṣíà wọn pàdánù púpọ̀, àmọ́ ó ku nǹkan díẹ̀ fún wọn. Afribank, Bank PHB àti Spring Bank kò rí ẹni gbé wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Jímọ̀ náà ni, ìjọba gbà wọ́n, wọ́n di Mainstreet, Keystone àti Enterprise. Gbogbo ṣíà àwọn tó ni wọ́n di òfo lọ́jọ́ kan náà. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ra ṣíà ní ọdún 2006 sí 2008 nígbà tí báńkì ń polówó rẹ̀ lórí rédíò lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni owó wọn wọlẹ̀ sí. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, owó kò padà. Mainstreet tó ti ara Afribank jáde yìí náà sì ni Skye Bank rà. Ẹni tó ní ṣíà nínú Afribank, tó tún ní nínú Skye Bank, ẹ̀ẹ̀mejì ni irú ọjọ́ Jímọ̀ bẹ́ẹ̀ bá a.

Àmọ́ ìtàn àwọn tí nǹkan kù fún ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó pàdánù kì í sọ ti rẹ̀ ní gbangba.

Ìtàn Diamond Bank wá jẹ́ kí ó burú sí i, nítorí pé oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn Skye Bank ló dé. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2018, alága àti àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fipò sílẹ̀. Báńkì náà ní gbèsè 200 mílíọ̀nù dọ́là tó gbọ́dọ̀ san ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Àhesọ ń lọ kiri pé Access Bank fẹ́ rà á. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, wọ́n kéde rẹ̀: náírà kan ní owó lọ́wọ́ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣíà Access Bank méjì fún ẹni tó bá ní ṣíà Diamond Bank méje. Access Bank ń wá oníbàárà, Diamond Bank sì ní wọn ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Ẹni tó rà á ní kọ́bọ̀ 87 ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó kọ́ni.

Ìyàtọ̀ wà láàárín báńkì méjèèjì, ó sì ṣeé rí. Nínú ìwé tí Diamond Bank gbé jáde, bí èèyàn bá yọ gbèsè kúrò lára dúkìá, nǹkan ṣì kù fún oníṣíà. Skye Bank kò gbé ìwé jáde rárá. CBN kò tíì gba àkóso Diamond Bank; ó ti wà nínú ilé Skye Bank fún ọdún méjì. Ẹni tó wo èyí máa mọ èyí tó léwu jù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi èyí mọ̀ pé náírà 3 lé ni wọ́n máa san, tàbí pé wọ́n máa san rárá. Inú yàrá kan ni wọ́n ti dá a, láàárín ẹni tó ń rà, àwọn olùdarí, àti CBN. Ẹni tó ní ẹyọ 20,000 kò sí níbẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn tó jèrè nínú Diamond Bank máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Oríire ni fún ọ̀pọ̀ wọn.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà, àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ tó ń fi fóònù ra ṣíà sì mọ̀ nípa rẹ̀. Hertz, iléeṣẹ́ tó ń fi mọ́tò yáni, gba kóòtù lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 nítorí gbèsè. Ṣíà rẹ̀ já sí abẹ́ dọ́là kan, àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wọlé, ó sì gun òkè kọjá dọ́là 5 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ṣíà náà lè di òfo. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, àwọn èèyàn padà wọkọ̀, owó mọ́tò àlòkù gun òkè, àwọn olówó ń du Hertz mọ́ ara wọn lọ́wọ́, oníṣíà sì gba owó gidi. Ìyẹn fi àwọn kan lọ́kàn balẹ̀ nígbà tó di ti Bed Bath & Beyond. Iléeṣẹ́ tó ń ta ohun èlò inú ilé yìí wọ kóòtù ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 pẹ̀lú gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là. Kó tó wọ ibẹ̀, ó ti ń tẹ ṣíà tuntun tà fún àwọn èèyàn kó lè rí owó ná, débi pé bí mílíọ̀nù 117 di mílíọ̀nù 739 láàárín oṣù díẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba sẹ́ǹtì kan.

Ohun mìíràn wà tí kò hàn sí ẹni tí kò tíì rí i rí, bí ọjà tiwa ṣe ń rìn. Lórí NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà tó wà ní Èkó, ṣíà kò lè gòkè tàbí kó wálẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ariwo bá gba ìlú pé olówó kan fẹ́ ra iléeṣẹ́ báyìí, ẹ óò ṣí áàpù, ẹ óò rí i pé apá àwọn tó fẹ́ rà kún fọ́fọ́, apá àwọn tó ń tà ṣófo. "Full bid" ni wọ́n ń pè é. Kọ́bọ̀ 50 di 55, ó di 60, ó di 66. Ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ kò ní lè sùn. Nígbà tí ẹ bá wá rí i rà, ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń tà fún yín. Bí ó bá wá yí padà, ìdàkejì rẹ̀ ni, "full offer": mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ tò sí apá títà, apá ríra jẹ́ òdo. Ẹ lè fi ti yín sí i láàárọ̀, kí wọ́n pa ọjà dé ní ọ̀sán, kí ẹyọ kan má lọ. Ọjọ́ kejì, iye rẹ̀ ti tún wálẹ̀, ẹ tún wà lẹ́yìn ìlà. Ẹni tó ń sọ pé òun máa jáde bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, kò tíì bá "full offer" pàdé rí.

Ibi tí èèyàn ti lè wo nǹkan kí ó tó rà kò pọ̀, kò sì le. Ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì NGX. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "total equity" sí. Bí iye tó wà níwájú rẹ̀ bá wà nínú àmì àkámọ́, òdì ni. Gbèsè ti ju dúkìá lọ, onílé kò ní ilé mọ́. Ẹ wo iwájú orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí àtẹ NGX. Bí wọ́n bá kọ MRF sí i, ìwé ìṣirò rẹ̀ ti pẹ́ ju ìgbà tó yẹ kó fi sílẹ̀. BLS túmọ̀ sí pé kò kúnjú òṣùwọ̀n ọjà mọ́. DIP ni èyí tí wọ́n ti ń yọ kúrò lórí ọjà. Lójú tèmi, MRF nìkan ti tó láti fi sílẹ̀: iléeṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ẹ rí ìwé òun kò yẹ fún owó yín.

Ẹni tó bá ti ní irú ṣíà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi iye tí ẹ rà á ṣe ìdíwọ̀n. Iye yẹn ti lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, bí ó bá jẹ́ owó ló wà lọ́wọ́ yín lónìí, ṣé ẹ máa rà á? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ìwé rẹ̀ wà ní òdì, tí ẹ sì ń retí olówó tí kò tíì fojú hàn, ọjọ́ tí apá ríra bá kún ni kí ẹ tà á, ẹ má dúró de náírà 3 àti kọ́bọ̀ 13. Ẹ tà á fún àwọn tó ń du ú lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ tí ìròyìn máa jáde, kò ní sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín mọ́.